Ṣé ó yẹ kí ẹlẹ́wọ̀n máa mu sìgá nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Ọmọ Òkè-Bọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ bá wa tú. Nígbà tí wọ́n fòfin de sìgá mímu nínú ọ́fíìsì àti ilé ọtí ní England ní July 1, 2007, wọ́n yọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè mu tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, torí ibẹ̀ náà ló ń gbé. Nígbà tó di 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà, láti Wales àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn England. Kí 2018 tó parí, tábà ti kúrò nínú gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa níbẹ̀. Scotland ṣe tirẹ̀ ní November 30, 2018. New Zealand ti ṣáájú wọn, July 1, 2011.

Ṣé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe? Bó bá tọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò fi ní di ìjà? Ẹ jọ̀ọ́, "ọ̀daràn ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyà jẹ wọ́n" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Bàbá Ìjàyè

Èmi ò fara mọ́ ọn. Adájọ́ tó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, òmìnira rẹ̀ ló gbà, kò ní kí wọ́n gba sìgá rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí òfin gba àgbàlagbà láyè láti rà ní gbangba, kò yẹ kó di ẹ̀ṣẹ̀ torí pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ti àwọn tó wà ní àhámọ́ tí kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ wọn ló tún burú jù. Ẹ wo Ravenhall, lẹ́bàá Melbourne ní Australia. Àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria kéde pé July 1, 2015 ni sìgá máa dópin ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó di June 30, tó ku ọ̀la, rúgúdù bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wó ògiri, wọ́n dáná sun nǹkan, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ìjọba tó gba ọgbà náà padà. Owó àtúnṣe rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là wọn. Ẹni tó wà ní àhámọ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀: kò mọ̀ bóyá wọ́n á dá a sílẹ̀, kò mọ ibi tí aya àti ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ wá fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tó ń bá a tu ara lára.

Àyìnkẹ́ ará Glasgow

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ohun tí ẹ sọ nípa àwọn tí kò tíì jẹ̀bi lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn ńkọ́? Wọ́dà tó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ńkọ́?

Ní Scotland, nǹkan bí ẹlẹ́wọ̀n méje nínú mẹ́wàá ló ń mu sìgá kí òfin tó dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n 15 tó wà nílẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni PM2.5, èérún eruku tó kéré débi pé imú kò lè sẹ́ ẹ, tó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Lọ́sẹ̀ tí òfin bẹ̀rẹ̀, ó já wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 81 nínú 100. Nígbà tí wọ́n padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti tún lọ sílẹ̀ sí i.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n sáà ya sẹ́ẹ̀lì amusìgá sọ́tọ̀. Wọ́n ti dán an wò ní England fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fín ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde, ó ń gba ihò tí páìpù omi gbà kọjá, ó ń gba ojú afẹ́fẹ́ tó so yàrá pọ̀, ó sì ń dúró sí kọ́rídọ̀. Fèrèsé sẹ́ẹ̀lì kì í ṣí tán, bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ ń ṣí rárá. Wọ́dà tó ń yẹ ilé wò, tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbọn bùláńkẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀fín àná ló ti ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn láti 2007.

Lọ́yà Alákè

Ẹ jẹ́ n mú ti òfin wá, torí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé "ẹ̀tọ́ mi ni" láìwo ibi tí ẹ̀tọ́ náà dúró sí.

Ní Amẹ́ríkà, William McKinney, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Nevada, pe àwọn aláṣẹ lẹ́jọ́ pé ẹni tí wọ́n fi òun sí sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú rẹ̀ ń mu páálí sìgá márùn-ún lójúmọ́. Ní 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò dìgbà tí àìsàn bá gbé e ṣánlẹ̀ kó tó lè ké gbàjarè: bí aláṣẹ bá mọ ewu tí ẹ̀fín yẹn lè dá sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí wọ́n sì kọ etí dídi sí i, ó lè jẹ́ ìyà àìtọ́ lábẹ́ Àtúnṣe Kẹjọ nínú òfin ilẹ̀ wọn. Kóòtù kò pàṣẹ pé kí sìgá tán nínú ẹ̀wọ̀n o. Ọ̀nà ló là fún un láti lọ fi ẹ̀rí hàn.

Ní England, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́ Paul Black, tó wà ní Wymott, fẹ́ kí òfin 2006 tó gba ilé ọtí mọ́ (èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2007) gba ọgbà ẹ̀wọ̀n náà mọ́, kí ẹlẹ́wọ̀n lè fóònù láti fi ẹjọ́ sun bí ẹnìkan bá mu sìgá níbi tí kò yẹ. Ní December 2017, Lady Hale ka ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ: òfin náà kò de ìjọba fúnra rẹ̀, torí ilé aṣòfin kò kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé ó dè é. Ìyẹn ni pé ìlànà àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n ló lé sìgá jáde ní England, kì í ṣe òfin 2006.

New Zealand ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n Auckland gbé òfin tirẹ̀ jáde pé kò gbọdọ̀ sí sìgá. Arthur Taylor, ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀, gbé e lọ sí kóòtù, ó sì borí ní 2012: agbára tí òfin fún ọ̀gá ẹ̀wọ̀n kò dé ibẹ̀. Ó di dandan kí ilé aṣòfin tún òfin ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi kóòtù tú iṣẹ́ rẹ̀ ká, kó kọ́kọ́ gba ilé aṣòfin lọ.

Bàbá Ìjàyè

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Àyìnkẹ́ ọmọ mi, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́dà gba jẹjẹrẹ lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó ń rọ́pò sìgá. Isle of Man, erékùṣù kékeré kan láàárín England àti Ireland, lé sìgá jáde ní ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní 2008, kò sí ẹni tó ṣe é ṣáájú wọn ní Yúróòpù. Kí ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe? Wọ́n ń wá ewé tíì, wọ́n ń wá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń da àlẹ̀mọ́ nikotíìnì tí nọ́ọ̀sì fún wọn mọ́ ọn (nikotíìnì ni èròjà tábà tó ń di bárakú, ara ni wọ́n ń lẹ àlẹ̀mọ́ rẹ̀ mọ́ kó lè rọ́pò sìgá), wọ́n ń fi ojú ewé Bíbélì wé e. Ní New Zealand náà, bẹ́ẹ̀ ló rí, títí wọ́n fi gba àlẹ̀mọ́ padà tí wọ́n sì ń fi súìtì nikotíìnì rọ́pò rẹ̀. Kò sí láítà mọ́, nítorí náà wọ́n ń fa iná láti inú ihò iná ògiri àti wáyà kẹ́tùrù. Ẹ̀fín lẹ́ ẹ sá fún, ẹ wá bá iná pàdé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí, tó ti da kẹ́míkà inú ike pọ̀ mọ́ ewé tíì, ni wọ́n ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé ìyẹn sàn ju sìgá lọ?

Nọ́ọ̀sì Àdùnní

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo sì mọ ibi tó ti wá. Ibi tí ìtọ́jú kò bá ti tó ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Nikotíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí ènìyàn bá dáwọ́ dúró lójijì, ìnira á bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, á le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó rọlẹ̀. Ìbínú òjijì, àìrí oorun sùn, ebi ṣáá, ara tí kò gbé ibì kan. Ẹ fi ẹni méjì tó wà ní ọjọ́ kẹta sínú sẹ́ẹ̀lì kan, kẹ́ ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn: ìjà dé.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá wọlé lónìí, òní ni kó gba nǹkan, kì í ṣe ọjọ́ Mọ́ńdè tí nọ́ọ̀sì máa padà dé. Ẹ bi í pé: bó o bá jí láàárọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń gbà kó o tó mu ti àkọ́kọ́? Bí kò bá tó 30, nikotíìnì ti dè é mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lọ lójúmọ́, àlẹ̀mọ́ mílígíráàmù 21 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó wá bọ́ sí 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí tirẹ̀ kò ju 10 lọ, 14 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Awọ gbígbẹ tí kò nírun ni kó lẹ̀ ẹ́ mọ́, lápá òkè tàbí láyà, kó sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́ kí ara má bàa máa yún un. Díẹ̀díẹ̀ ni àlẹ̀mọ́ ń tú nikotíìnì sílẹ̀, nítorí náà òun nìkan kò tó. Bí òùngbẹ sìgá bá dé lójijì, ó yẹ kí súìtì nikotíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í jẹ́ kó wọlé: wọ́n lè fi dí ihò kọ́kọ́rọ́, wọ́n lè fi tẹ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fún un ní èyí tó kéré, nítorí owó, kí wọ́n wá máa sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Kí àlẹ̀mọ́ má bàa di ohun wíwé, pàṣípààrọ̀ ni kí wọ́n ṣe: kó mú ti àná wá lódindi kó tó gba ti òní. Bó bá ti gé e, tàbí tó ní ó ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì léraléra, súìtì ni kó máa gbà lójú nọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ ohun kan sí i, torí ó lè pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ló ń lo oògùn àrùn ọpọlọ. Ẹ̀fín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì inú rẹ̀ o, ẹ̀fín gan-an, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ méjì nínú àwọn oògùn náà, clozapine àti olanzapine, nípasẹ̀ ènsáìmù kan (èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó ń lọ oògùn) tó ń jẹ́ CYP1A2. Bí ẹ̀fín bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀ yóò dẹwọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn náà yóò sì máa ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fi kún un. Aláìsàn á máa tòògbé, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, clozapine sì lè fa gìrì. Àlẹ̀mọ́ tàbí vape (sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń fa ìkùukùu rẹ̀) kò lè dí i, torí wọn kò ní ẹ̀fín náà. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí dókítà sì dín oògùn kù. Ìdá mẹ́rin kan ni wọ́n sábà máa ń yọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá jáde tó sì padà sídìí sìgá, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: oògùn á já wálẹ̀, àìsàn á sì jí.

Ènsáìmù yẹn kan náà ló ń lọ kaféènì. Ẹni tó bá dá sìgá dúró, tó ń mu iye kọfí tó ń mu tẹ́lẹ̀, kaféènì ara rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, kò ní sùn, gbogbo èèyàn á ní sìgá ló ń dà á láàmú. Ẹ ní kó dín kọfí kù sí ìdajì.

Káyọ̀dé K.

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Èmi fẹ́ fi ti owó kún un, torí owó ni sìgá nínú ẹ̀wọ̀n. Kì í bàjẹ́ kíákíá, ó ṣe é pín sí wẹ́wẹ́, gbogbo èèyàn sì mọ iye tó tọ́. Nígbà tó kúrò ní káńtíìnì ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2004, ẹja mackerel inú ọ̀rá, tí iye rẹ̀ ń lọ sí bíi dọ́là kan, di owó, sítáǹbù ìwé pẹ̀lú. Ẹ lè lé sìgá, ẹ kò lè lé owó.

Ibi tí ewu wà ni gbèsè. Ní England, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n ń kọ ohun tó fẹ́ rà sórí fọ́ọ̀mù káńtíìnì. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó fọ́ọ̀mù lọ lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ohun tirẹ̀ tó dé. Láàárín àsìkò yẹn ni aládùúgbò á yá a ní káátíríìjì vape kan, á sì dá méjì padà. Bí kò bá rí i san lọ́sẹ̀ yẹn, á tún di ìlọ́po. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ẹni tó ń bá wọn gbé ẹrù tàbí tó ń pe ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnìkan níta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tuntun ní àpò ìwọlé tó ní vape nínú, tí wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àpò yẹn bá kéré ju ohun tó lè gbé e dé ọjọ́ káńtíìnì, asán ni.

Spice náà wà ńbẹ̀, igbó àtọwọ́dá tí wọ́n ń tú sórí ìwé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bíi lẹ́tà. Ó ti wà kí òfin sìgá tó dé, nítorí náà kò tọ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé òfin náà lórí.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá

Mo dúpẹ́ gan-an. Ìbéèrè méjì: vape yẹn, ṣé òun náà kì í ṣe ẹ̀fín? Bí ẹlẹ́wọ̀n bá sì jáde, ṣé kì í padà sídìí sìgá lọ́jọ́ kan náà?

Àyìnkẹ́ ará Glasgow

Ti vape: nikotíìnì inú rẹ̀ ṣì wà, ẹni tó ń lò ó kò tíì bọ́. Òfin ibí kò jẹ́ kó ju mílígíráàmù 20 lọ nínú mílílítà kan. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀, ìkùukùu rẹ̀ kì í sì pẹ́ kó tó tú ká. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Scotland ti ń lo vape nígbà tí wọ́n padà wọn afẹ́fẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, PM2.5 kò sì padà sókè. Èyí tí kò ṣeé tú ni kí wọ́n máa tà, kí káátíríìjì rẹ̀ ti wà ní dídì láti ilé iṣẹ́, kí wọn má bàa ki nǹkan mìíràn sí i. Ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n Scotland pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn amusìgá ṣáájú ọjọ́ náà. Wọ́n ti kéde láti July 2017, nítorí náà ó ju ọdún kan lọ tí gbogbo èèyàn fi mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Wọn kò rí irú Ravenhall níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní

Àbúrò, ọ̀pọ̀ ló ń padà sí i lóòótọ́. Ní Rhode Island, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀wọ̀n tí kò sí sìgá, àwọn olùwádìí pín àwọn tó fẹ́ jáde sí ọ̀nà méjì. Apá kan rí ìjókòó ìmọ̀ràn mẹ́fà. Apá kejì wo fídíò ìlera lásán. Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, 25 nínú 100 nínú apá àkọ́kọ́ ni kò tíì fọwọ́ kan sìgá. Nínú apá kejì, 7 péré. Ìdádúró tipátipá kò tó, ìmọ̀ràn ló ń gbé e jáde lẹ́nu géètì.

Ìwádìí mìíràn jáde ní 2014 lórí ẹ̀wọ̀n àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2001 sí 2011. Níbi tí òfin sìgá wà, ikú tí sìgá ń fà nínú ẹ̀wọ̀n dín ní nǹkan bí 9 nínú 100.

Lọ́yà Alákè

Tiwa nílé ńkọ́? Òfin tábà Nàìjíríà ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, páálí kò sì gbọdọ̀ ní iye tó dín sí 20. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń tà lójú títì. Ó ju ìdajì lọ dáadáa nínú àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa tí kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ wọn, wọ́n sì ń sùn lọ́pọ̀ nínú yàrá kan, kì í ṣe ẹni méjì méjì bíi ti Glasgow. Òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019 fún aláṣẹ lágbára láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún, kí wọ́n sì fi tó adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ létí. Bí wọ́n bá lo ìyẹn, ìdajì ìṣòro ẹ̀fín ti kúrò nílẹ̀.

Bàbá Ìjàyè

Ibi tí mo dúró sí nìyí: kí wọ́n má mu ún nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n mu ún ní gbangba àgbàlá, ní wákàtí tí wọ́n bá dá. Ìyẹn kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Àyìnkẹ́ ará Glasgow

Bàbá, láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń tì wọ́n pa. Ẹni tó bá mú ìṣáná àti sìgá wọlé láti àgbàlá, àárín òru ló máa tan án, ojú àwọn tó kù nínú yàrá náà ni. Àfi bí wọ́n bá ń gba ìṣáná lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, tí sìgá sì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ yẹn gan-an náà á wá di ẹni tó ń tà á.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní

Mo rí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Bí kò bá sí owó àlẹ̀mọ́ tàbí súìtì, kí wọ́n má dá sìgá dúró lọ́jọ́ kan fún gbogbo ọgbà, torí ìjà àti òwò abẹ́lẹ̀ ló máa bí. Kí wọ́n dá yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn tó fúnra wọn yan pé àwọn kò fẹ́ ẹ̀fín, kí wọ́n wo iye tó máa forúkọ sílẹ̀. Èyí tí kò ṣeé dúró dè ni yàrá tí àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń sùn, torí sìgá ń fi kún ewu àìsàn náà, ó sì ń mú kó ṣòro láti wò. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ti gbọ́dọ̀ máa tú àpò wọn wò kí wọ́n tó wọlé.